Ta Ni Kí N Gbà?

Ẹ fi ìjókòó yín sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ará ilé mi. Oòrùn ò tíì wọ̀, ẹ̀gúsí tí ẹ ń bó kò sì ní sá lọ. Ọwọ́ lẹ fi ń bó o, etí nìkan ni mo ní kí ẹ yá mi. Èmi Ọdẹ́jàre, tí mo ti bá iwin jiyàn títí iwin fi tọrọ omi mu, ẹ̀yin ò bèèrè ìtàn tèmi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo ń sọ bí mo ṣe fi fìlà mi mú ìkookò, àwọn kan nínú yín sùn, mo sì rí yín. Ìtàn Ọdẹ́níran lẹ ní kí n sọ. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́, nítorí pé owú ni ìtàn náà dá lé, ẹni tó bá ti jowú rí ló sì mọ̀ ọ́n sọ.

Ará Ìgbódàró ni Ọdẹ́níran, ọmọ Àwẹ̀ró. Ọdẹ gidi ni. Pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ kò ní kí n bu òtítọ́ kù. Bó bá yìnbọn, ẹran á ti kú kó tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò yìn ín rí. Lọ́jọ́ tó pa ẹfọ̀n tí ọkùnrin mẹ́jọ fi òpó gbé wálé, gbogbo ìlú tú jáde, wọ́n ń ki í, wọ́n ń sà á. Àwẹ̀ró yọjú láti ilé ìdáná, ó wo ẹfọ̀n náà, ó ní ẹ kú iṣẹ́, ó ní kí wọ́n rọra kí wọ́n má fọ́ ìkòkò òun. Lẹ́yìn náà ló bi ọmọ rẹ̀ léèrè bóyá ó ti rí ẹtu tí Ògúnmọ́dẹdé pa ní ìjẹta. Ó ní ẹtu ọ̀hún mà sanra o.

Ẹgbẹ́ Ọdẹ́níran ni Ògúnmọ́dẹdé yìí, ọdẹ bíi tirẹ̀, ilé wọn ò sì jìnnà síra. Láti ìgbà tí ìyá tirẹ̀ ti kú ló ti ń gbé itan ẹran wá fún Àwẹ̀ró. Bó bá ti lọ tán, ìyá àgbà á bẹ̀rẹ̀: Mọ́dẹdé mọ ẹran án yan, Mọ́dẹdé kì í pẹ́ lóko, Mọ́dẹdé kí òun láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí. Gbogbo ìgbà tí orúkọ yẹn bá jáde lẹ́nu rẹ̀, ńṣe ló máa ń ta Ọdẹ́níran lábẹ́ àyà bí ẹ̀gún. Òjòwú ò lẹ́ran láyà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ́níran sanra níbi gbogbo, àyà nìkan ló gbẹ.

Lọ́dún kan ni àrùn tí wọ́n ń pè ní àsùnmájìí wọ Ìgbódàró. Kì í mú ara gbóná, kì í sọ ènìyàn di egungun. Ẹni tó bá mú á kàn sùn, á máa mí, á tilẹ̀ máa rẹ́rìn-ín nígbà míì, ṣùgbọ́n kò ní jí, kò sì ní rí ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ó ti pa ènìyàn mẹ́ta kó tó mú Àwẹ̀ró. Lọ́jọ́ tó mú Àwẹ̀ró náà ló mú Mojírọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ kan ṣoṣo tí Ògúnmọ́dẹdé bí. Ọba bá pe àwọn ọkùnrin méjèèjì. Ó ní omi kan wà nínú Igbó Adákẹ́ tí iwin kan, Agbomidúró, ń ṣọ́. Bí ahá omi náà kan bá kan ẹnu ẹni tó sùn, yóò jí. Ó ní kí wọ́n jọ lọ, nítorí pé ẹnu kan kì í tó bá iwin sọ̀rọ̀.

Ọdẹ́níran ì bá fẹ́ kí wọ́n rán òun nìkan, kó jẹ́ pé bí ìyá òun bá lajú, ojú òun ni yóò rí. Kò ní ohun tó lè ṣe sí i. Ó gbé ìbọn, ó gbé àpò, ó gbé owú rẹ̀, wọ́n sì wọ igbó.

Mi ò ní fi ìrìn dá yín lágara. Ẹni tó bá ti wọ igbó iwin mọ̀ pé ẹsẹ̀ kì í ka ọ̀nà níbẹ̀. Èmi fúnra mi ti rin oṣù mẹ́ta nínú rẹ̀ kí ẹ̀kọ tí mo kó sápò tó tutù. Ìlú tí wọ́n kọ́kọ́ dé ni Ké-Kí-N-Gbọ́. Ọ̀fun àwọn ará ibẹ̀ tóbi ju orí wọn lọ. Bí wọ́n ṣe ń wọlé ni ilé ńlá kan wó lulẹ̀, ènìyàn mẹ́sàn-án sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa gba ènìyàn là sáré dé, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kan ilẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ká etí. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá ké jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ wú jáde. Ọkùnrin kan tí igi ha ní ìka ẹsẹ̀ ń ké bí ẹni tí ẹkùn gbé, òun ni wọ́n kọ́kọ́ wú. Ẹni tí ògiri tẹ̀ láyà kò ní èémí tó máa fi ké, wọn ò sì yà sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọdẹ́níran ló rí ọwọ́ kan tó ń mì láàrin àlàpà. Odi tí kò lè sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ni ọwọ́ náà. Kò dúró bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó kúnlẹ̀, ó ń fi èékánná wa iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n dì í mú, wọ́n ní ó ń rú òfin. Níbi tí wọ́n ti ń fà á ni Ògúnmọ́dẹdé ti dọ̀bálẹ̀, tó gbé ẹnu rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀hún, tó sì figbe ta débi pé ewé já lórí igi. Àwọn agbani sáré wá, wọ́n wú odi náà jáde láàyè. Nígbà tí olórí wọn fẹ́ bínú, Ògúnmọ́dẹdé ní òfin wọn ní kí wọ́n gba ẹni tó ké, kò sọ ẹnu tí igbe náà gbọ́dọ̀ ti jáde. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn, wọ́n gbé e sí èjìká, wọ́n ń gbé e yí ìlú ká. Ọdẹ́níran dúró ti àlàpà, ẹ̀jẹ̀ ń kán ní èékánná rẹ̀. Ó ní òun lòun rí ọwọ́ náà. Ó rọra sọ ọ́ ni, ní ìlú tí wọn kì í gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́.

Wọ́n kúrò níbẹ̀, Ọdẹ́níran ò sì bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi rí odi ìlú kejì lọ́ọ̀ọ́kán. Àgbà-Ṣíwájú ni wọ́n ń pe ìlú yìí. Wọn ò tíì dé ẹnubodè tí ìjàlọ fi yọ lẹ́yìn wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó òbúkọ, wọ́n ń jẹ igi bọ̀ bí ẹni jẹ iṣu. Wọ́n sáré. Ẹnubodè náà tóóró, ẹnì kan ṣoṣo ló lè wọlé lẹ́ẹ̀kan, baba arúgbó kan sì yọjú níbẹ̀, ó bèèrè èwo ni ẹ̀gbọ́n nínú wọn. Kò sí ẹ̀gbọ́n o. Ìgbà iṣu tuntun kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, wọn ò tíì pé ogójì ọdún. Ọdẹ́níran dáhùn kíá pé òun ni ẹ̀gbọ́n, pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni òun.

Baba arúgbó gbà á gbọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ọ̀dọ́ kẹ́yìn, wọn ò mọ ojú rẹ̀ mọ́. Wọ́n fa Ọdẹ́níran wọlé, wọ́n ti ìlẹ̀kùn, nítorí pé òfin wọn ni kí wọ́n kí àgbà tán kí ẹlòmíràn tó wọlé. Kíkí àgbà kì í sì í yá. Wọ́n bèèrè ilé, wọ́n bèèrè ọ̀nà, wọ́n bèèrè eékún rẹ̀, wọ́n bèèrè bí eyín ṣe ń ṣe é sí. Ní gbogbo àkókò yẹn, Ògúnmọ́dẹdé wà níta, ó ń fi ìṣùpọ̀ koríko tó ń jó lé ìjàlọ. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti bó, èéfín sì ti sọ ojú rẹ̀ di dúdú. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn wo Ọdẹ́níran, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ kú àgbà o."

Ojú ti Ọdẹ́níran, ìtìjú náà sì tún di owú, nítorí ó mọ̀ pé bó bá jẹ́ òun ni wọ́n tì mọ́ta, òun ì bá ti bú baba ńlá ẹni tó wọlé. Ìwà ọkùnrin yìí pàápàá, ó ń jowú rẹ̀.

Wọn ò rí ọmọdé kan ní ìlú náà. Ẹni tó gbé omi wá fún wọn ni àbíkẹ́yìn gbogbo wọn, ẹni tí wọ́n máa ń rán níṣẹ́: ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ìdajì omi ló dà sílẹ̀ kó tó dé. Baba arúgbó ẹnubodè ṣàlàyé fún wọn pé bí iná bá jó, bí omi bá kún, bí ogun bá dé, àgbà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé sá, bẹ́ẹ̀ náà ló rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó ní, "A ti gba gbogbo àgbà là. Ẹni tó máa sin wá ni kò sí."

Wọ́n sùn níbẹ̀, wọ́n jí, wọ́n sì dé odò Agbomidúró. Ẹ má mira o, ibí ló wà. Iwin náà jókòó sórí omi bí ẹni jókòó sórí ẹní. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ dì. Kò ní ojú níwájú. Bó bá fẹ́ wo ènìyàn, á kọ ẹ̀yìn sí i. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó wò wọ́n dáadáa, ó sì pa àlọ́ kan: òun na ọwọ́ kan sí ẹni méjì tó ń rì, ẹni tí òun kò nà án sí sunkún, ẹni tí òun nà án sí náà sunkún. Kí ló dé? Ọdẹ́níran ò jẹ́ kí Ògúnmọ́dẹdé la ẹnu. Ó ní ẹni tí ọwọ́ kàn ń sunkún nítorí ẹni tí ọwọ́ ò kàn. Inú rẹ̀ dùn, ó wo ẹ̀gbẹ́ bóyá ẹnìkejì rẹ̀ gbọ́. Iwin ní lóòótọ́ ni, ó mọ̀ ọ́n lẹ́nu.

Iwin wá sọ òfin rẹ̀. Ahá omi kan ṣoṣo ni ìlú kan lè rí láàrin ọdún kan. Ẹni méjì ló sùn ní Ìgbódàró, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò jí. Òun yóò bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan má gbọ́ ìdáhùn ẹnìkejì. Ó kọ́kọ́ mú Ògúnmọ́dẹdé lọ sẹ́yìn àpáta. Wọn ò pẹ́. Nígbà tí Ògúnmọ́dẹdé jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó kọjá lọ dúró lábẹ́ igi kan níwájú. Ọdẹ́níran wí nínú ara rẹ̀ pé ó ti dárúkọ ọmọ rẹ̀. Ta ni kò ní dárúkọ ọmọ rẹ̀? Ara rẹ̀ wá gbóná láti tètè dárúkọ tirẹ̀.

Iwin bi í pé, "Nínú ẹni méjì tó sùn nílé yín, ta ni kí n gbà?"

Ọdẹ́níran dáhùn pé, "Àwẹ̀ró. Ìyá mi ni kí ẹ gbà."

Iwin ní ẹjọ́ ti parí nìyẹn, nítorí pé Àwẹ̀ró náà ni ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn dárúkọ.

Ẹ gbọ́, ó yẹ kí inú Ọdẹ́níran dùn. Owú ló kọ́kọ́ dé. Kódà níbi ikú, Mọ́dẹdé ti tún ṣe ọmọ jù ú lọ! Ó ti fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìyá òjòwú yìí. Kí ni Ọdẹ́níran fi sílẹ̀ ní tirẹ̀? Kò fi nǹkan kan sílẹ̀.

Níbi tó ti ń rò ó, iwin pa ọwọ́ ọ̀tún tó ṣí dé, ó sì ṣí òsì. Ahá omi kan wà nínú rẹ̀. Ó ní òun ti gba Àwẹ̀ró, ó ti di ti òun. Kí Ọdẹ́níran gbé omi ọmọdé náà kó máa lọ. Ọdẹ́níran ò kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Ó ní ìyá òun ni òun ní kí wọ́n gbà. Iwin ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà sì ti gbà á. Ọdẹ́níran ní gbígbà là ni òun wí. Iwin ní òun ò gbọ́ "là" lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí "là" nínú ìbéèrè òun. "Nílé yín, bí ènìyàn bá na ẹran sí ọ tó ní kí o gbà, ṣé ẹran náà lo máa ń gbà là?"

Ọdẹ́níran wólẹ̀, ó fi orí lu òkúta. Iwin jẹ́ kó lu ú tán. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé òfin odò ní àyè kan: ẹni tó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ lè pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí omi inú ahá tó dákẹ́ mímì. Ó ní, "Sọ orúkọ kejì. Màá dá ìyá rẹ sílẹ̀, màá gba ọmọ náà. Ẹni tó wà lábẹ́ igi kò ní mọ̀. Ohun tó ti rò náà ni yóò bá nílé."

Omi ń mì nínú ahá. Ọdẹ́níran la ẹnu, ìdajì orúkọ ọmọ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó wá rí ìyá rẹ̀ bí ẹni tó jí. Ó rí i tí wọ́n ń sọ fún un pé Mọ́dẹdé fi ọmọ kan ṣoṣo tó bí rọ́pò rẹ̀. Ó rí i tó gbé orí Mọ́dẹdé lé itan, tó ń sunkún sí i lórí, tí kò sì ní pe orúkọ mìíràn mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Òun Ọdẹ́níran á wá di àlejò nínú ilé ìyá tó bí i. Ó pa ẹnu dé. Omi dákẹ́.

Mo rí yín tí ẹ ń mi orí, tí ẹ ń sọ pé ọkùnrin dáadáa ni, ó ṣàánú ọmọ. Èmi náà ì bá fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé àánú ọmọ náà wà níbẹ̀, òun ò kàn mọ bó ti pọ̀ tó. Ó ní owú ló pa òun lẹ́nu dé. Iwin ò bèèrè ìdí lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin odò yẹn kì í bèèrè ìdí.

Wọ́n ń padà bọ̀. Ògúnmọ́dẹdé rò pé omi Àwẹ̀ró ni. Ó gba àpò Ọdẹ́níran kún tirẹ̀ kí ahá má baà mì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣáájú, ó ń ya ẹ̀gún kúrò lọ́nà. Bí wọ́n bá jókòó sinmi, á kọjú sí igi, á máa sunkún ọmọ rẹ̀. Ọdẹ́níran ń wò ó, kò sọ fún un. Ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń dùn mọ́ ọn díẹ̀, mo ti ní mi ò ní bu òtítọ́ kù. Ọkùnrin tó ti ń gba nǹkan mọ́ ọn lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí wá, òun náà ń jẹ nínú ìyà.

Nígbà tí wọ́n dé etí oko Ìgbódàró, Ògúnmọ́dẹdé yà sí odò kékeré kan, ó ń bọ́jú. Ọdẹ́níran bi í léèrè ohun tó ń ṣe. Ó ní òun ò fẹ́ kí ìyá àgbà jí kó bá omijé lójú òun, ayọ̀ ló yẹ kó bá. Ọ̀rọ̀ yìí ni Ọdẹ́níran ò lè gbé mì. Ó na ahá sí i, ó ní, "Ọmọ rẹ ló ni ín." Ó sì rò fún un, láti orí "là" tí kò sí nínú ìbéèrè, títí dé ẹnu tí òun pa dé àti ohun tó pa á dé. Kò yọ ọ̀kan sílẹ̀.

Ògúnmọ́dẹdé gbá ahá náà mọ́ àyà. Ó ní:

"Níran, ọdún méjìlá ni mo fi gbé ẹran lọ fún ìyá rẹ. Kò yìn mí rí. Bí mo bá ní mo pa ẹtu, á ní Níran pa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá ní mo rìn jìnnà, á ní ibẹ̀ ni Níran máa ń ya ìgbẹ́ sí. Mo máa ń délé tán, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Nígbà tí iwin bi mí, mo wí fún ara mi pé ènìyàn lè tún ọmọ bí, kò lè tún ìyá ní. Irọ́ ni mo ń pa. Mo kàn fẹ́ kó jí, kó gbọ́ ohun tí mo ṣe, kó yìn mí lẹ́ẹ̀kan."

Ní Ìgbódàró, àgbà kì í yin ọmọ tó bí lójú ọmọ náà. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ á gbọ́. Ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń yìn fún un, wọ́n á sì lọ yin tiwọn níta. Gbogbo ìlú mọ àṣà yìí, Ọdẹ́níran náà mọ̀ ọ́n. Owú ni kò jẹ́ kó rántí pé ìyá òun náà ará Ìgbódàró ni.

Wọ́n sáré wọ̀lú. Omi kan Mojírọ́lá lẹ́nu, ọmọ náà jókòó, ó ní ebi ń pa òun, ó bèèrè èkuru. Ní ilé kejì, wọ́n ti wẹ Àwẹ̀ró, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Ọjọ́ tí omi dákẹ́ nínú ahá ni èémí rẹ̀ ti dákẹ́, wọ́n kàn ń retí ọmọ rẹ̀ ni.

Wọ́n sin ín. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọba àti àwọn ìjòyè wá kí Ọdẹ́níran. Wọ́n ní ohun tó ṣe dára, pé ẹni tí kò tíì jẹ nínú ayé ló yẹ kí a kọ́kọ́ fà yọ, àwọn yóò sì sọ ọ́ di òfin ìlú. Ọdẹ́níran bẹ̀ wọ́n. Ó ní bí òfin náà bá dára lójú wọn, kí wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi orúkọ òun sí i. Ó ní òun ò yan ẹnikẹ́ni. Ẹnu òun ló ṣì, owú òun ló sì parí rẹ̀. Àwọn ìjòyè wo ara wọn, wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì dìde.

Àwọn èrò tú ká. Ògúnmọ́dẹdé nìkan ló kù, ó jókòó sórí ìjókòó tó máa ń jókòó sí bó bá gbé ẹran wá. Ọdẹ́níran sún mọ́ ọn.

"Kí ló máa ń sọ nípa mi?"

Ògúnmọ́dẹdé bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní. Ó sọ èyí tó dùn ún, ó sọ èyí tó bí i nínú, ó sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí ìyá àgbà ṣe sọ ọ́, kò bu ọ̀kan kù. Èmi Ọdẹ́jàre wọ Ìgbódàró lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti kí wọn kú ọ̀fọ̀, àwọn méjèèjì ò sì rí mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ọ̀kan sọ dé òpin, èkejì ní kó jọ̀wọ́, kó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Mo bá fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, mo bá tèmi lọ.